Purotéènì Tó Ń Lé Fáírọ́ọ̀sì, Tó Tún Ń Dènà Jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ láàbù láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjèèjì tó wà nílùú yìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ti àdúgbò Under-G wá, ẹ kú ìjókòó o.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan la gbé wá. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, òun náà ló sábà máa ń fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ti ń hù nínú òun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ fi máa ń ba ohun náà jẹ́ kó tó lè ráyè dàgbà. Ibi tó ti bà á jẹ́ kò sì dọ́gba láti ara aláìsàn kan sí òmíràn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó bàjẹ́, tó kàn ń kó oògùn lé aláìsàn lórí, owó ló ń ná, ara aláìsàn ló sì ń fìyà jẹ.

Ọdún 1957 lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Mill Hill nílùú London. Alick Isaacs àti Jean Lindenmann mú fáírọ́ọ̀sì influenza tí wọ́n ti fi ooru pa, wọ́n fi kan awọ fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú ẹyin adìẹ. Nígbà tí wọ́n wá kó fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè bá awọ náà, kò lè gbilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Omi tí awọ yẹn wà nínú rẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá dà á sórí awọ mìíràn tí kò tíì rí fáírọ́ọ̀sì rí, ó ń dáàbò bò ó. Ohun tó wà nínú omi yẹn ni wọ́n sọ ní interferon. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí àwọn tó ń tan jíìnì interferon. Ní 1988, Tadatsugu Taniguchi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàpèjúwe àkọ́kọ́ nínú wọn, wọ́n pè é ní IRF1 (IRF dúró fún interferon regulatory factor, ìyẹn purotéènì tó ń darí jíìnì interferon). Lónìí, mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ara ènìyàn, láti IRF1 títí dé IRF9.

Kí la ń pè ní títan jíìnì? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa ló ní jíìnì interferon, àmọ́ jíìnì náà ń sùn. Kó tó jí, purotéènì kan ní láti wọ inú núkílíọ́ọ̀sì, níbi tí DNA wà, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú ibi pàtó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì náà. Iṣẹ́ tí IRF ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni STAT1, tá a máa tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo IRF3 dáadáa, torí ẹni tó bá yé yóò mọ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Purotéènì yìí ní amino acid 427, inú omi sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà, kò ṣiṣẹ́ kankan. DNA kì í sí nínú omi yẹn. Inú núkílíọ́ọ̀sì ni ilé rẹ̀, díẹ̀ sì wà nínú mitochondria, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára. Bí DNA bá wá já bọ́ síbẹ̀, nǹkan ti ṣe. Purotéènì tó ń jẹ́ cGAS, èyí tí Zhijian Chen àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Dallas ṣàwárí, tí ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní 2013, yóò gbá DNA náà mú, yóò sì fi èròjà ATP àti GTP ṣe èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ cGAMP. cGAMP yóò lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ STING. STING yóò ṣí kúrò níbi tó wà lọ sí Golgi, ẹ̀yà mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò pe purotéènì tó ń jẹ́ TBK1. TBK1 ló ń lẹ phosphate mọ́ IRF3 lára, pàápàá lórí amino acid tó ń jẹ́ serine, ti 386 àti ti 396. IRF3 tó ti gba phosphate yóò so mọ́ èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò wọ núkílíọ́ọ̀sì, jíìnì interferon beta yóò sì tàn. Bó bá jẹ́ RNA fáírọ́ọ̀sì ló wọlé, purotéènì RIG-I tàbí MDA5 ló ń rí i. Àwọn yẹn ń gba ọ̀dọ̀ purotéènì MAVS kọjá, wọn ò gba ọ̀dọ̀ STING, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ TBK1 kan náà ni gbogbo wọn ń parí ẹ̀ sí.

Interferon kì í pa fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bíi fèrè ọlọ́dẹ àdúgbò lóru ló rí: fèrè kọ́ ló ń mú olè, àmọ́ bó bá ti dún, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn géńdé á sì jáde. Interferon ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì tó ṣe é àti ti àwọn alábàágbé rẹ̀. Purotéènì JAK1 àti TYK2 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yóò jí, wọn yóò lẹ phosphate mọ́ STAT1 àti STAT2, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. IRF9 yóò dara pọ̀ mọ́ wọn, wọn yóò sì wọlé lọ tan jíìnì tó tó ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kí ló wá kàn án níbẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń pín láìdúró, kò sì ń pín dáadáa. Kúrómósómù kan lè ṣẹ́kù sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ń lọ sáàyè wọn, kó wá dá wà nínú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ núkílíọ́ọ̀sì gidi. Awọ àpò yìí kò lágbára, ó máa ń bẹ́. Bó bá ti bẹ́, DNA ti dé iwájú cGAS nìyẹn. Ọ̀nà kejì tún wà tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 DNA ènìyàn ló jẹ́ àjẹkù fáírọ́ọ̀sì tó wọ ara àwọn baba ńlá wa láti ayébáyé. Methyl, àmì kẹ́míkà kékeré tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, ló ń mú kí wọ́n máa sùn. Nínú jẹjẹrẹ, ètò methyl yìí máa ń dàrú, àwọn àjẹkù náà á jí, wọ́n á máa ṣe RNA olókùn méjì, MDA5 á sì gbà pé fáírọ́ọ̀sì tuntun ló dé.

Bí ìkìlọ̀ bá dún nínú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, nǹkan púpọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. IRF1 máa ń bá p53, purotéènì tó ń dènà jẹjẹrẹ, ṣiṣẹ́ láti tan p21, èyí tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró. Interferon fúnra rẹ̀ ń mú kí p53 pọ̀ sí i. Ikọ̀ Taniguchi ló fi èyí hàn ní 2003. IRF3 tilẹ̀ lè pa sẹ́ẹ̀lì láìtan jíìnì kankan: ó lè so mọ́ BAX, purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kú, kí méjèèjì lọ lu mitochondria jo. Lójú tiwa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì ló lágbára jù. MHC oríṣi kìíní máa ń gbé àwọn èérún purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì síta kí sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara, lè rí wọn. CXCL9 àti CXCL10 máa ń ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì T wá síbi kókó jẹjẹrẹ náà. Kókó tí kò bá ní èròjà méjèèjì yìí, ẹ fi maikirosikóòpù wò ó, ẹ ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì T kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n dúró sí.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 2001, ikọ̀ Robert Schreiber ní St. Louis fún àwọn eku tí kò ní STAT1 ní methylcholanthrene, èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ. Kókó tètè yọ lára wọn, ó sì yọ lára èyí tó pọ̀ ju ti eku tí STAT1 rẹ̀ pé. Nínú ènìyàn, jíìnì IRF1 wà lórí kúrómósómù karùn-ún, ní 5q31.1, àgbègbè tó máa ń já sọnù nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ẹbí IRF ló ń bá jẹjẹrẹ jà. IRF2 ń dí IRF1 lọ́nà. IRF4 ni jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun tó ń jẹ́ myeloma fi ń mí. Bí wọ́n bá pa á nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ "gbé IRF sókè", ẹ bi í pé èwo nínú wọn.

Ẹ wá gbọ́ bí jẹjẹrẹ ṣe ń ba ètò yìí jẹ́. Àwọn kan máa ń lẹ methyl mọ́ jíìnì STING tàbí cGAS kó lè dákẹ́. Àwọn kan máa ń pàdánù 9p21, apá kan lára kúrómósómù kẹsàn-án, níbi tí ogunlọ́gọ̀ jíìnì interferon ti wà nítòsí CDKN2A, jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì lè bá a lọ pọ̀. Àwọn mìíràn, bí ìwádìí ọdún 2016 lórí jẹjẹrẹ awọ ara tó ń jẹ́ melanoma ṣe fi hàn, máa ń ba JAK1 tàbí JAK2 jẹ́, interferon á máa kanlẹ̀kùn, wọn ò ní gbọ́. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Èyí tí methyl bò, oògùn lè ṣí i. Èyí tí jíìnì rẹ̀ já sọnù, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Èyí tí JAK1 rẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ ẹ fún aláìsàn rẹ̀ ní interferon fún ọdún kan gbáko, ibà àti àárẹ̀ nìkan ni yóò rí gbà.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ kò tilẹ̀ dúró de kí jíìnì bàjẹ́. HPV16, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ní purotéènì E6 tó ń di IRF3 mú, ó sì ní purotéènì E7 tó ń di IRF1 àti STING lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ Kaposi sarcoma jí odindi jíìnì IRF gbé, ó sọ ọ́ di mẹ́rin, ó sì ń fi ayédèrú yẹn dí ojúlówó lọ́nà. Ìdí rèé tá ò fi lè dákẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó sàn kí HPV má wọlé rárá ju ká máa wá bá a ṣe tú IRF3 sílẹ̀ lọ́wọ́ E6 lẹ́yìn ogún ọdún. Láti oṣù October 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ti hepatitis B, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Nípa oògùn, interferon alpha-2b ti wà láti 1986, nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ hairy cell leukemia. Fún melanoma lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 20 IU fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ojú ara, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mílíọ̀nù 10 sábẹ́ awọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48. Ọ̀pọ̀ ni kò lè gbà á parí. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ máa ń bínú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè le débi pé aláìsàn á fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ara la fọn fèrè sí, nígbà tó jẹ́ ibi ẹyọ kan la fẹ́ kó ti dún.

Ọ̀nà mìíràn ni kéèyàn jí àjẹkù fáírọ́ọ̀sì inú kókó fúnra rẹ̀. Ní 2015, ikọ̀ kan ní Baltimore àti òmíràn ní Toronto fi hàn pé àwọn oògùn tó ń ṣí methyl, irú azacitidine, ń jí RNA olókùn méjì nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, MDA5 àti MAVS sì ń gbé ìkìlọ̀ dìde. Oògùn yìí ti wà fún àrùn mùdùnmúdùn eegun tẹ́lẹ̀, 75 mg fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje nínú ọjọ́ 28. Fún kókó inú ẹran ara, ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà ń gbé ìkìlọ̀ dìde, torí ó ń fọ́ DNA. Níbí la ti rí ohun tó lòdì sí èrò ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú ìwádìí lára eku tó jáde ní 2017, 8 Gy (Gy la fi ń wọn ìtànṣán) nígbà mẹ́ta tan cGAS dáadáa, ṣùgbọ́n 20 Gy lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tan án. Ìwọ̀n ńlá máa ń jí TREX1, purotéènì tó ń jẹ DNA tó bá já sínú omi sẹ́ẹ̀lì, cGAS kò sì ní rí nǹkan kan gbámú. Àwọn aláìsàn wa tó ń ti ibí lọ gba ìtànṣán ní UCH Ìbàdàn, dókítà wọn ló ń yan ìwọ̀n fún ìdí púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwádìí eku yí ètò ìtọ́jú padà.

Ìwádìí mìíràn lára eku ló fi oògùn kan tó ń jẹ́ ASA404 ṣe wá léṣe. DMXAA ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń yọ́ kókó lára eku, wọ́n gbé e dé ìpele kẹta ìdánwò lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ wá hàn lẹ́yìn náà: STING eku ni oògùn náà ń lẹ̀ mọ́, kì í lẹ̀ mọ́ ti ènìyàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dán oògùn wò lára purotéènì ènìyàn kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Ó kù síbi kan. Bí ìkìlọ̀ bá ń dún láìdákẹ́ fún oṣù gbọọrọ, ó ń di àǹfààní fún jẹjẹrẹ. IRF1 kan náà tó ń gbé MHC sókè ló ń tan PD-L1, èyí tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì T pé kó sinmi. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ tó dún kíkan tó sì tètè dákẹ́ fi dára ju èyí tó ń kùn ṣáá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti ń bàjẹ́. Ká tó mọ ibi tí jẹjẹrẹ ti gé ètò yìí, a ní láti wo IRF1, IRF3 àti STAT1 nínú ẹran tí wọ́n gé. IRF1 kì í pẹ́ láyé: láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Phosphate tó wà lára STAT1 àti IRF3 náà ń bọ́ kúrò ní kété tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ mọ́. Ẹran tí wọ́n gé láago mẹ́wàá àárọ̀, tó wà nínú abọ́ gbígbẹ títí di aago kan ọ̀sán, kí ló fẹ́ sọ fún wa? Bí IRF1 kò bá hàn nínú rẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ló pa á ni tàbí àwa.

Nítorí náà, kí ẹran wọ fọ́málìn láàárín wákàtí kan. Kí fọ́málìn tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Nǹkan bíi mílímítà kan ló ń wọlé ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ la ọmú tàbí kókó ńlá sí pẹlẹbẹ mílímítà 5 sí 10 kẹ́ ẹ tó rì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òde á ti gan, inú á ti jẹrà. Kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má ju 72 lọ. Bá a ṣe ń po fọ́málìn oní-10% rèé: formaldehyde oní-37 sí 40% mílílítà 100, omi mílílítà 900, sodium dihydrogen phosphate monohydrate gíráàmù 4, àti disodium hydrogen phosphate aláìlómi gíráàmù 6.5. Àwọn tó ń da omi ẹ̀rọ lásán mọ́ ọn, tí wọn ò fi iyọ̀ phosphate méjèèjì sí i, fọ́málìn wọn á kan, ìdọ̀tí aláwọ̀ dúdú á sì wà lórí gíláàsì, tí ẹni tí kò mọ̀ á máa kà sí àmì purotéènì.

Ní láàbù, ẹ gé e ní maikirómítà 4. Ẹ fi citrate pH 6.0 sè é ní nǹkan bí 95 °C fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì fi tonsil ṣe òdiwọ̀n. Ohun tí ojú wa kọ́kọ́ máa ń lọ síbi rẹ̀ kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, bí kò ṣe lymphocyte, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ kan, tó wà láàárín wọn. Bí núkílíọ́ọ̀sì lymphocyte bá gba àwọ̀ ilẹ̀ fún IRF1, tí ti jẹjẹrẹ kò gbà á, a jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti pàdánù rẹ̀ lóòótọ́. Bí lymphocyte pàápàá kò bá gbà á, ẹran ló bàjẹ́. Ẹ má kọ "negative" sínú ìwé àbájáde, ẹ kọ ọ́ pé kò ṣeé kà. Ti IRF3, ibi tó wà lẹ ó wò: bó bá wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì nìkan, kò tíì jí.

Ẹni tó bá fẹ́ wo RNA CXCL10 lágbègbè tí iná ọba kì í dúró, RNAlater, omi tó ń pa RNA mọ́, wúlò ju fíríìsà lọ. Kí ẹran má nípọn ju mílímítà 5 lọ, kí omi náà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. RNA á dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ní 25 °C, fún oṣù kan nínú fíríìjì.

Àwọn tó ń gbin sẹ́ẹ̀lì, ẹ má lo irú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ HEK293T fún cGAS, torí kò ní cGAS, bẹ́ẹ̀ ni kò ní STING tó ṣeé rí. HeLa, irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ní HPV18 nínú, E7 rẹ̀ ń dí STING lọ́wọ́. Ẹ yẹ mycoplasma, kòkòrò kékeré tó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì gbígbìn jẹ́, wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òun nìkan lè gbé ìkìlọ̀ dìde, ẹ ó sì rò pé oògùn yín ló ṣe é.

Lára àwọn ìbéèrè tó wá: ṣé àgbo tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ara lágbára lè tan IRF? Interferon tá a wọn ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Bí aláìsàn bá tún ń mu ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀dọ̀ sì wá bàjẹ́, a kò ní mọ èwo nínú wọn ká dá dúró. Kó sọ fún dókítà rẹ̀, kí dókítà náà má sì fi bú u.

Wọ́n tún bi wá nípa BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Kókòrò tó wà láàyè ni, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ interferon gamma, STAT1 àti IRF1 ni iṣẹ́ rẹ̀ ń já sí. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: mílílítà 50 nínú omi iyọ̀, láti ojú ìtọ̀, kó dúró fún wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá fi kátítà sí i tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ yẹn, torí ojú ọgbẹ́ ni BCG ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Kí ìtọ̀ máa ta aláìsàn díẹ̀, tàbí kí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ibà tó ju 38.5 °C lọ tí kò sì lọ láàárín ọjọ́ méjì, kó padà wá sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ má fún un ní oògùn malaria kẹ́ ẹ ní kó máa lọ sílé. Isoniazid àti rifampicin ló ń gbọ́ tirẹ̀. Pyrazinamide kò ràn án.